Bíléèdì Tí Wàá Fi La Ìrókò Papa Obiora

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà tí mo ń kọ ìwé yìí. Orí bẹ́ǹṣì tí ìwọ fúnra rẹ kàn nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo jókòó sí, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú títí dòní. Mo fi páálí há a nísàlẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ. Ó wà níbi iṣẹ́ ìránṣọ rẹ̀ ní ọjà Ochanja, ó ní kí n má gbàgbé láti béèrè bóyá ò ń jẹun dáadáa n'Ìbàdàn. Mo ti béèrè o. Òun ni kó o dá lóhùn, má dá èmi lóhùn.

Nígbà tó o pè mí lọ́jọ́ Sunday, gbólóhùn méjì péré ni mo gbọ́. "Daddy, I don get the table saw. Abeg, which blade make I buy take split that iroko?" Kí n tó lanu, fóònù ti gé. Mo pè ọ́ padà, ìwọ ń sọ̀rọ̀, èmi náà ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè tó o béèrè yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi fóònù dáhùn. Ìdí nìyí tí mo fi ra ìwé àjákọ. Yorùbá ni mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi kọ ọ́, torí mo mọ̀ pé Igbo àti Pidgin ló yá sí ọ lẹ́nu jù, àwọn tó máa ta pákó fún ọ níbẹ̀ yẹn kò sì ní bá ọ sọ Igbo. Tí ibì kan bá le jù, gbé e fún ọkọ rẹ kó kà á fún ọ, kó lè mọ irú bàbá tó bí ìyàwó rẹ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ dárúkọ ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé. Pákó ìrókò tó wà lókè àjà ṣọ́ọ̀bù mi ni, èyí tí mo ti gbé síbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ. Nígbà ìgbéyàwó rẹ, tí mo bi ọ́ pé kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, gbogbo èèyàn ń retí kó o sọ pé fíríìjì. Ìwọ ní pákó yẹn lo fẹ́. Mo ní a ó máa wò ó. Ìyá rẹ wò mí lójú lọ́jọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín. O ti wá ní ṣọ́ọ̀bù tìrẹ báyìí, o fẹ́ la pákó náà sí pẹlẹbẹ méjì, kó o fi ṣe ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan tí wàá gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ irú ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n igi tí pákó yẹn ti wá kò sí mọ́, ọ̀kan ṣoṣo yẹn ló kù nínú rẹ̀ tó dára. Tí ayùn bá ti wọ̀ ọ́, kò sí àtúnṣe. Nítorí náà, mo ní láti sọ bí mo ṣe ba ẹnìkejì rẹ̀ jẹ́ fún ọ. N kò sọ ọ́ fún ọ rí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Kò tíì pé ọdún méjì tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Onitsha. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo háyà ni bàbá àgbà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Papa Obiora. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nílé ìlagi létí odò kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n èmi ò mọ̀. Mo rò pé bàbá tó kàn ń wá gba owó ilé ni. Ó ń kọ́lé sí Nkwelle Ezunaka lọ́dún yẹn, igi ìrókò kan sì wà lórí ilẹ̀ náà tí bàbá tó bí i lọ́mọ ti bá níbẹ̀. Ó di dandan kó gé e kí ìpìlẹ̀ lè ráyè, ó sì ní òun ò ní jẹ́ kó di igi ìdáná. Pákó mẹ́ta tó jọjú ló jáde nínú rẹ̀, méjì gùn, ọ̀kan kúrú. Ó gbé méjì tó gùn fún mi pé kí n fi ṣe ilẹ̀kùn pálọ̀ alápá méjì. Ó fẹ́ kí n la pákó kọ̀ọ̀kan láàárín, kí n ṣí i bí ẹni ṣí ìwé, kí ìlà igi tó wà lápá ọ̀tún àti ti òsì máa wo ara wọn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ayùn orí tábìlì àkọ́kọ́ mi ni, mo sì ń fi í yangàn káàkiri. Mo lọ ra bíléèdì. Ẹni tó ń tà á kó mẹ́ta síwájú mi: eléyín mẹ́rìnlélógún, eléyín ogójì, eléyín ọgọ́rin. Ìwọ náà mọ bí àwa káfíńtà ibí ṣe ń ṣe. Èékánná àtàǹpàkò la fi ń ka eyín yípo, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù la gbà pé ó ra ojúlówó. "Oga, this one get eighty teeth," ni ọkùnrin náà wí. "E go cut am like bread." Inú mi dùn. Mo wo eléyín mẹ́rìnlélógún, ó dà bí ẹnu arúgbó lójú mi. Ọgọ́rin ni mo gbé lọ sílé.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyí o, ọmọ mi. Nígbà tó o bá fẹ́ la pákó tẹ̀lé ìlà rẹ̀, eyín díẹ̀ ni kó o wá. Fún bíléèdì oní-íǹṣì mẹ́wàá bíi tìrẹ, mẹ́rìnlélógún ló bá a mu jù, má jẹ́ kó ju ọgbọ̀n lọ. N kò sọ pé ọgọ́rin kò dára. Tó o bá fẹ́ gé pákó níbùú, tàbí tó o fẹ́ gé pílàwúùdù tí o ò fẹ́ kí etí rẹ̀ ya, òun ni kó o lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ayùn bá ń tẹ̀lé ìlà igi, fọ́nrán gígùn ló ń fà jáde, ó sì gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò kó o sí. Eyín ọgọ́rin kò ní àyè láàárín ara wọn. Ìyẹ̀ igi á há síbẹ̀, á máa bá bíléèdì yí po, gbogbo rẹ̀ á gbóná, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ogójì ni àwọn kan fi ń ṣe gbogbo nǹkan, ìyẹn náà lè la pákó tí kò nípọn. Èyí tó o fẹ́ ṣe yìí, tí pákó máa dúró lórí etí rẹ̀, tí ayùn máa wọnú rẹ̀ dé íǹṣì mẹ́ta, má fi ogójì dán an wò.

Èkejì, má ka eyín nìkan, wo ẹnu rẹ̀. Fi orí ìka sínú àlàfo tó wà láàárín eyín kan sí èkejì. Bí orí ìka rẹ kò bá wọlé, bíléèdì tí wọ́n fi ń la pákó kọ́ nìyẹn. Kí eyín tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gé nǹkan jẹ, kí orí rẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ, kó má ṣe ṣóńṣó. Wo irin líle tí wọ́n jó mọ́ orí eyín kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan ṣoṣo bá ti sán, dá a padà, kódà kí ẹni tó ń tà á máa búra. Wo ihò àárín rẹ̀ náà, kó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú irin tó máa gbé e nínú ẹ̀rọ rẹ. Mo mọ ẹnì kan ní ìlú yìí tó ra èyí tí ihò rẹ̀ tóbi, tó fi páálí dí i. Ẹ̀rọ náà jó lọ́jọ́ yẹn bí ẹni gbọ́ ìlù, ọkùnrin náà sì sá jáde fún un.

Ẹ̀kẹta ni bó ṣe nípọn tó. Mo wo fọ́tò ẹ̀rọ rẹ lórí fóònù ìyá rẹ, ó kéré, mo sì rí jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bíléèdì tó nípọn máa mú un sunkún. Tín-ín-rín ni kó o rà. Kì í jẹ igi púpọ̀, ẹ̀rọ kékeré sì lè gbé e. Wàhálà tirẹ̀ ni pé tó bá ti gbóná, á máa yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ojú pákó á sì rí págunpàgun. Nítorí náà, má ṣe ìwọra. Gbé bíléèdì sókè ní íǹṣì kan, la pákó lọ dé òpin. Gbé e sókè ní íǹṣì kan sí i, tún là á. Lẹ́ẹ̀kẹta, o ti dé íǹṣì mẹ́ta láìsí òórùn èéfín. Tí o bá gbọ́ tí ohùn ẹ̀rọ ń yí padà, fún un nísinmi, kó o lọ mu omi.

Èmi ò mu omi kankan. Mo gbé tèmi sókè tán lẹ́ẹ̀kan náà, mo fi eyín ọgọ́rin kọlu ìrókò gbígbẹ. Ẹ̀rọ ké, èéfín sọ, òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta aṣọ lójúde. Olóye èèyàn á dúró. Mo rò pé agídí ni igi náà ń ṣe, mo sì fi gbogbo agbára tì í. Pákó náà fò padà lẹ́nu ayùn, ó gbá mi nítan, mo ṣubú sórí ìyẹ̀ igi. Ṣé o rántí àpá tó wà nítan mi, tí mo sọ fún ọ pé ọ̀kadà ló ṣe é? Irọ́ ni mo pa fún ọ. Má bínú.

Torí náà, irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn bíléèdì, tí kì í jẹ́ kí ibi tí ayùn ti là pa dé, má tú u kúrò. Àwọn kan máa sọ fún ọ pé ó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Kí wọn kú alẹ́, kó o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Má dúró sẹ́yìn pákó gan-an, dúró sí ẹ̀gbẹ́. Kan pákó gíga kan mọ́ fẹ́ńsì, ìyẹn irin gígùn tí pákó ń fara tì, kí ìrókò má bàa máa mì nígbà tó bá dúró lórí etí rẹ̀. Igi ni kó o fi tì í kọjá bíléèdì, má fi ọwọ́ tì í. Ìka mẹ́wàá ni wọ́n bí mọ́ ọ, mẹ́wàá náà ni mo máa kà nígbà tó o bá wálé lọ́dún Kérésì.

Mo ti gbàgbé iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà. Má dá mi lóhùn, ṣáà máa kà á lọ.

Lẹ́yìn tí mo dìde, mo yí pákó náà láti la etí kejì. Ibí ni mo ti hùwà òmùgọ̀ gidi. Ojú tó fara ti fẹ́ńsì lẹ́ẹ̀kíní ló yẹ kó tún fara tì í lẹ́ẹ̀kejì. Mo kàn yí i bó ṣe wù mí ni. Ojú ayùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò pàdé. Nígbà tí mo fi ipá yà á, apá kan nípọn, apá kejì tín-ín-rín bí àkàrà tí epo ò tó, inú méjèèjì sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìwọ, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì gbàgbà sí ojú tó bá fara ti fẹ́ńsì kó o tó bẹ̀rẹ̀. Pákó tìrẹ fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́jọ. Mẹ́ta láti òkè, mẹ́ta láti ìsàlẹ̀, méjì á kù láàárín. Ayùn ọwọ́ ni kó o fi parí méjì yẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Má jẹ́ kí ẹ̀rọ parí rẹ̀ fún ọ.

Báyìí, èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ bíléèdì. Mo kó pákó tó jó náà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fi páànù bò ó. Mo lọ ra ìrókò mìíràn, mo kun ún kó lè jọ ti àkọ́kọ́, mo fi ṣe apá kan ilẹ̀kùn náà láìtíì fọwọ́ kan pákó kejì, mo sì gbé e lọ sí Nkwelle pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Papa Obiora jáde sí mi. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn náà, kò tiẹ̀ tẹjú mọ́ ọn.

"Nwa m," ó wí, bí ẹni ń pe ọmọ rẹ̀, "this one na iroko, true. But e no be my papa iroko. Where that one dey?"

Mo fẹ́ purọ́, irọ́ náà kò jáde. Mo sọ fún un. Kò pariwo. Lọ́jọ́ kejì ó wọ mọ́tò wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó lọ sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí páànù náà. Ó gbé pákó tó jó náà lé orí itan bí ẹni gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Mo rò pé á sọ pé kí n kó jáde nínú ṣọ́ọ̀bù òun. Ẹ̀rín ló bú sí.

"If you show me the day wey e spoil, me and you for laugh am together," ó wí. "Now na only me dey laugh."

Ó rẹ́rìn-ín gan-an. N kò tíì rí ibi tí ojú ti tì mí tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní kí n tú bíléèdì náà sílẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ sáàárín eyín, ìka náà kò wọlé. "See? Teeth plenty, mouth no dey." Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ilé ìlagi ni bàbá yìí ti lo ìgbésí ayé rẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ lọ pààrọ̀ rẹ̀ sí eléyín mẹ́rìnlélógún. Ó dúró tì mí títí mo fi la pákó kejì, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Pákó kan yẹn la fi ṣe ilẹ̀kùn náà, a kàn dín fífẹ̀ rẹ̀ kù. Ó ṣì wà ní Nkwelle títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá náà ti lọ. Mo yà síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, àwọn ọmọ rẹ̀ fún mi lóúnjẹ.

Ọjọ́ tí a so ilẹ̀kùn yẹn mọ́ férémù ló gbé pákó kẹta, èyí tó kúrú, fún mi. "Keep am," ó wí. "Split am the day wey your hand no dey fear again."

Àbẹ̀kẹ́, èmi náà gbé e sókè àjà. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè rẹ̀, mo máa ń sọ pé kò tíì gbẹ, pé afẹ́fẹ́ odò kì í jẹ́ kí igi tètè gbẹ ní Onitsha. Mo ti la ìrókò fún ṣọ́ọ̀ṣì, fún ilé ìwé, fún ilé àwọn olóyè, ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Tí mo bá ti gbójú sókè wo èyí, mo máa ń rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ pé kò tíì gbẹ. Igi náà ti gbẹ tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìyá rẹ mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ.

Lọ́jọ́ Sunday, o bi mí pé bíléèdì wo. O ò bi mí bóyá ó ṣeé ṣe. Mo ti ń ronú lórí ìyẹn láti ìgbà náà, inú mi sì ń dùn ṣáá, débi pé ìyá rẹ ní kí n yé súfèé nínú ilé.

Mo ti gbé pákó náà sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ìyá rẹ fi kọ́tìnnì àtijọ́ rán àpò sí i. Lọ́jọ́ Thursday, ọkọ̀ akẹ́rù máa gbé e kọjá bíríìjì bọ̀ wá bá ọ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ibì kan wà nísàlẹ̀ tí mo fi ṣọ́ọ̀kì yí po, mo fura pé òkúta wà níbẹ̀, bí ìrókò ṣe máa ń gbé òkúta sínú nígbà mìíràn. Gé ibẹ̀ kúrò kó o tó là á, kó má bàa ká eyín bíléèdì rẹ. Fi aṣọ dí imú, o mọ bí ìyẹ̀ ìrókò ṣe máa ń mú ọ sín. N kò fi bíléèdì sí i. Ìka tìrẹ ni mo fẹ́ kó o fi yàn án.

Pákó méjì ni wàá bá nínú àpò náà, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu. Èkejì ni èyí tó jó, apá tó nípọn nínú rẹ̀. Mi ò jù ú nù rí, abẹ́ páànù yẹn náà ló wà láti ọjọ́ yìí wá, o ti gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ ní kékeré láìmọ̀. Igi kan náà ni wọ́n. Orí rẹ̀ ni kó o ti kọ́kọ́ dán bíléèdì rẹ wò, kó o gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń dún. Tó o bá ṣe tán, gbé ìyókù rẹ̀ kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, níbi tí gbogbo èèyàn á ti máa rí i, kó o sì sọ fún wọn pé bàbá rẹ ló ṣe é.

Kó o wá gbé èyí tó dára. Là á. Bó bá sì jó mọ́ ọ lọ́wọ́, ọmọ mi, má fi páànù bò ó. Pè mí lọ́jọ́ náà gan-an, ká jọ rẹ́rìn-ín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, lórí bẹ́ǹṣì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú.